Títún Ilé Àtijọ́ Ṣe ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ilé tí à ń sọ níbí ni ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, pẹ́tẹ́ẹ̀sì onígi, àti àwọn ilé búlọ́ọ̀kù tí àwọn bàbá wa kọ́kọ́ kọ́. Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ fọwọ́ ara wọn tún un ṣe máa ń bi wá jù ni a kó jọ. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó le ló kẹ́yìn.

Ilé bàbá wa ti ń bàjẹ́ lọ, owó ọwọ́ mi kò sì pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Omi tó ń jò láti òkè, èyí tó ń gun ògiri láti inú ilẹ̀, àti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri: àwọn mẹ́ta yìí ló ń ba ilé jẹ́ ju ọjọ́ orí lọ. Lẹ́yìn òrùlé àti omi, ẹ yí sí wáyà iná, lẹ́yìn náà ògiri, kó tó kan ilẹ̀ ilé. Ọ̀dà ló kẹ́yìn pátápátá. Mo mọ̀ pé ọ̀dà ni àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ béèrè, torí òun ni àlejò ń rí.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ dúró de òjò ńlá kan. Bó ṣe ń rọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ yí ilé po nínú àti lóde, kí ẹ sì kọ ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń dúró sí sínú ìwé. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé fún bíríkìlà, kí ó tó gbé ìṣirò tirẹ̀ fún yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá amọ̀ ni ògiri wa tàbí búlọ́ọ̀kù?

Ẹ wo ojú fèrèsé. Bí ògiri bá nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, amọ̀ ni yóò jẹ́, torí búlọ́ọ̀kù tó wọ́pọ̀ kì í ju íǹṣì 6 tàbí 9 lọ. Ẹ tún lè gun òkè àjà. Àwọn tó rẹ́ ilé kì í sábà rẹ́ ògiri dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ ó rí i kedere, yálà ìpele amọ̀ pupa tàbí ojú ìlà búlọ́ọ̀kù.

Ẹ yẹ ìyàrá kọ̀ọ̀kan wò. Ilé tí iwájú rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ pọ̀ nílùú wa, torí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó, ojú tó kọ sí títì ló máa ń kọ́kọ́ tún kọ́.

Irinṣẹ́ wo ni kí n ní?

Hámà, ṣísẹ́ẹ̀lì, súkúrúdíráfà, téèpù ìwọ̀n, lẹ́fẹ́ẹ̀lì, okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí, tẹ́sítà iná, tọ́ọ̀ṣì àti àkàbà tó dúró dáadáa. Ẹ fi bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ kún un. Bàtà sílípáàsì kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ gun òrùlé.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù fún iṣẹ́?

Láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kejì. Òrùlé, ògiri ìta àti ọ̀dà, ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwọn. Ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́, sìmẹ́ǹtì máa ń yára gbẹ, á sì là. Ẹ máa wọ́n omi sára ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì dúró tó ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó kùn ún.

Ohun tó ń dà á rú ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Ojúde Ọba. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ kun ilé de ọjọ́ kẹta Iléyá, bẹ́ẹ̀ Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣín. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni. Òjò ń rọ̀ gidigidi lásìkò yẹn. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn sára ògiri tó ṣì tutù, wíwú ló máa wú, á sì bó kí ọdún mìíràn tó yí po. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé rẹ̀ dán lọ́jọ́ náà, kó kùn ún ní oṣù kejì, kó wá fi omi àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Owó rẹ̀ kò ní wọ omi.

Páànù wa ń jò. Ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀?

Kì í ṣe dandan. Ẹ wọ òkè àjà lọ́sàn-án gangan, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ibi tí ihò wà ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti wọlé, ẹ fi ẹfun sàmì sí igi tó wà nítòsí rẹ̀. Omi kì í sábà kán sílẹ̀ níbi tó ti wọlé. Ó máa ń tọ igi lọ díẹ̀ kó tó kán, nítorí náà apá òkè ibi tí àjà ti ní àbààwọ́n ni kí ẹ wá a sí, ẹ má wulẹ̀ tẹjú mọ́ orí àbààwọ́n náà.

Bó bá jẹ́ ojú ìṣó ló ń jò, ẹ fa ìṣó àtijọ́ yọ, kí ẹ fi súkúrù onírọ́bà tó tóbi jù ú lọ díẹ̀ dí ojú rẹ̀. Páànù tí ìpata ti jẹ débi pé ìka lè gún un lu, ẹ yọ ọ́. Ẹ má fi páànù alumíníọ̀mù tuntun lé orí páànù irin àtijọ́ kí wọ́n fara kanra, torí bí omi bá ti wà láàárín wọn, èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù ni yóò jẹ. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìnípọn páànù lójú yín nílé ìtajà, yálà mìlímítà 0.45 tàbí 0.55 ni ẹ sanwó fún.

Bí ẹ bá wà lókè, orí ìlà ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀, torí abẹ́ ibẹ̀ ni igi wà. Ẹ má gun òrùlé tó tutù, ẹ má sì dá nìkan gùn ún.

Ẹsẹ̀ ògiri máa ń tutù, ọ̀dà ń bó, ohun funfun kan bí iyọ̀ sì ń jáde lára rẹ̀. Kí ló fà á?

Omi ló ń gun ògiri láti inú ilẹ̀. Lóde òní wọ́n máa ń tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri kí omi má bàa gòkè. Ilé àtijọ́ kò ní i. Ohun funfun yẹn, iyọ̀ ni lóòótọ́. Omi ló gbé e wá láti inú ilẹ̀, omi wá gbẹ tán, ó fi iyọ̀ sílẹ̀ lójú ògiri.

Bí ẹ bá fẹ́ dá ara yín lójú, ẹ nu ibì kan gbẹ lára ògiri, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn lé e, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí ìrì bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń jáde. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí ìyàrá ló tutù, ooru àti èémí inú ilé ni, fèrèsé ni ẹ ó máa ṣí.

Ìta ni ìwòsàn rẹ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, wọ́n ti da ilẹ̀ àti ọ̀dà sí títì títí tó fi ga ju ilẹ̀ ilé lọ, gbogbo àgbàrá ló wá ń kọjú sí ilé. Àwọn kan tún da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó fi ga ju ilẹ̀ inú ilé. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ìta náà kúrò títí yóò fi tó íǹṣì 6 sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ inú ilé, kí ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ lọ sí gọ́tà, kí ẹ sì gbé gọ́tà sí etí òrùlé kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má ta sí ògiri mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá ṣí ìrẹ́ tó ti bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀ títí dé bíi mítà kan, kí ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan kí ẹ tó tún un rẹ́. Ẹ kò lè kánjú gbẹ ògiri.

Ṣé mi ò kúkú lè fi táìlì bo ìsàlẹ̀ ògiri náà?

Ẹ lè ṣe é. Omi yóò wá gòkè gba ẹ̀yìn táìlì, yóò sì yọ sókè níbi tí táìlì parí sí. Mo ti rí ilé tí wọ́n gbé táìlì dé àyà, tí ọ̀dà wá ń bó lókè àyà.

Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri amọ̀ wa ń wó lulẹ̀ wẹ́wẹ́ẹ́wẹ́. Bíríkìlà ní kí n fi sìmẹ́ǹtì púpọ̀ sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Òdìkejì ni. Amọ̀ máa ń wú díẹ̀ bó bá fa omi, á sì sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì tó le kò sún pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún dé ọdún, àlàfo máa ń ṣí láàárín àwọn méjèèjì, omi máa ń wọ ibẹ̀, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á di ẹrẹ̀, ògiri náà á sì máa jẹ láti inú wá nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dán. Láti 1978 ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà ní Ṣágámù níbí, ó sì ti mọ́ wa lára pé gbogbo ohun tó bá là nílé, sìmẹ́ǹtì ló kàn.

Ẹ fi ẹ̀yìn hámà kan ògiri lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá dún bí igbá, ó ti ṣí. Ẹ gé e jáde ní igun mẹ́rin gbọọrọ, kí ẹ gbá ekuru rẹ̀ kúrò, kí ẹ wọ́n omi sára amọ̀ kó rin, kó má ṣe rọ̀. Ẹ kan wáyà aláwọ̀n mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó gígùn kí ìrẹ́ lè rí ohun dì mú.

Ìpò tó bá ògiri amọ̀ mu ni sìmẹ́ǹtì 1, láìmù (ẹ̀tù funfun tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì) 2, yanrìn 9. Bí ẹ kò bá rí láìmù, ẹ jọ ilẹ̀ pupa, kí ẹ pò ó mọ́ yanrìn pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́yìn ilé. Bó bá là lọ́sẹ̀ kejì, ẹ fi yanrìn kún un. Ẹ rẹ́ ẹ ní ìpele méjì tó fẹ́lẹ́, kí èyí àkọ́kọ́ gbẹ kí èkejì tó gorí rẹ̀. Bíríkìlà tó bá ń yọ̀ pé òun ti parí ògiri mẹ́rin lọ́jọ́ kan, kó má yọ̀ mọ́.

Ògiri wa là. Ewo nínú lílà ló léwu?

Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó wà lára ìrẹ́ nìkan, kò léwu. Èyí tó gba inú ògiri kọjá dé òdìkejì, èyí tó fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè tàbí lókè ju ìsàlẹ̀, èyí tó ń sá láti igun fèrèsé gòkè lọ sí òrùlé, àti èyí tí ọmọ ìka lè wọ̀, gbogbo ìyẹn ni kí ẹ pe ẹnjiníà wá wò.

Bí ẹ kò bá tíì mọ èyí tó jẹ́, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ ní ibi mẹ́ta, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn òjò, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nínú ọyẹ́. Lílà tó ń fẹ̀ tó tún ń padà sún kì, amọ̀ tó ń mí ni. Èyí tó ń fẹ̀ ṣáá tí kì í padà, ìpìlẹ̀ ló ń rì. Ẹ má fi nǹkan dí i kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́, torí ẹ ti pa ẹ̀rí rẹ́ nìyẹn.

Ikán ti wọ igi òrùlé àti férémù ilẹ̀kùn. Ṣé ọ́ìlì ẹ̀ńjìnì tó ti dọ̀tí máa pa á?

Ó ń lé wọn fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń rùn, iná máa ń ràn mọ́ ọn, ọ̀dà kì í mú lára igi tó bá mu ún, bó bá sì ṣàn lọ sílẹ̀, inú kànga ló ń lọ. N kò fi ọwọ́ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà wọn. Ikán ilẹ̀ ní láti máa padà sílẹ̀ fún omi, nítorí náà ẹ ó rí ọ̀nà amọ̀ tí wọ́n mọ lára ògiri, lẹ́yìn férémù, tàbí lábẹ́ pẹpẹ. Ẹ mú súkúrúdíráfà, kí ẹ máa gún ẹsẹ̀ férémù, ìdí igi òrùlé níbi tó ti wọ ògiri, àti abẹ́ àtẹ̀gùn. Igi tó yè kò ní jẹ́ kó wọlé. Èyí tí ikán ti jẹ, bí búrẹ́dì ni yóò gbà á, ekuru yóò sì tú jáde.

Ẹ gé igi tó ti kú dànù títí ẹ ó fi kan èyí tó yè, kí ẹ ta igi tuntun mọ́ ọn. Igi ìrókò àti apá máa ń le fún ikán. Igi funfun olówó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu oògùn igi. Bí wọ́n bá yọ férémù ìrókò àtijọ́ kan tó ṣì yè, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà gbé e lọ ní "igi ìdáná", ó lówó lórí ju tuntun tó máa gbé wá. Oògùn tí wọ́n ń dà sílẹ̀ yí ìpìlẹ̀ ká, ẹ pe ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ sì sọ fún un pé kànga wà.

Ṣé mo lè wó ògiri àárín ìyàrá méjì, kí n fi ṣe pálọ̀ ńlá?

Ní ilé amọ̀, ẹ ka gbogbo ògiri sí èyí tó ru nǹkan, títí ẹnjiníà yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbójú sókè wo bí igi abẹ́ pákó òkè ṣe tẹ́. Bí orí igi bá jókòó sórí ògiri tí ẹ fẹ́ wó, òkè ló máa tẹ̀lé e wá. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọwọ́ ara ẹni. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo láàárín ìyàrá méjèèjì ṣeé ṣe, pẹ̀lú líńtẹ̀lì tó jókòó dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti igi tí wọ́n fi rọ òkè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo fẹ́ gbé táńkì omi sí báńkónì òkè. Ó tóbi díẹ̀ ni.

Táńkì lítà 1,000 tó bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan wọ̀n tó kílò 1,000. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì 20 àwọn oníkílò 50 lọ nígbà tí ẹ bá ka táńkì fúnra rẹ̀, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, lórí báńkónì tí wọ́n kọ́ fún èèyàn mẹ́rin tó fẹ́ gbatẹ́gùn. Ẹ kọ́ òpó rẹ̀ sílẹ̀, lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kó má ṣe gbára lé ilé.

Táìlì lórí pákó òkè, ìdí kan náà ni n kò fi fẹ́ ẹ: ó wúwo, pákó sì máa ń mì, táìlì á là.

Ilẹ̀ ilé pupa àtijọ́ tó ń dán, ṣé kí n fọ́ ọ?

Bí kò bá dún bí igbá, ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi pọ́líìṣì pupa kùn ún. Ó tutù lẹ́sẹ̀ ju táìlì ọjà lọ, kì í sì í yọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ táìlì dandan, ẹ ṣá ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kí gọ́ọ̀mù lè mú, torí ojú tó ti mu pọ́líìṣì fún ọdún gbọọrọ kì í gba nǹkan.

Wáyà ilé wa ti pẹ́. Iná ṣì ń tàn. Ṣé ó pọn dandan kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Bí wáyà bá wà nínú igi pẹlẹbẹ lára ògiri, tí rọ́bà rẹ̀ ń fọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Wáyà yẹn, gílóòbù mẹ́rin àti rédíò ni wọ́n fà á fún. Lónìí, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìfami àti ẹ̀rọ amúlétutù ti so mọ́ ọn. Àmì tí ẹ ó wò ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbóná, súwíìṣì tó ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, iná tó ń rẹ̀ sílẹ̀ bí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀, àti òórùn rọ́bà tó ń jó. Ẹ ṣí àpótí fíúùsì wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa méèn-súwíìṣì. Bí ẹ bá rí wáyà ńlá tí ẹnìkan wé sínú fíúùsì kó má bàa já mọ́, ohun tó yẹ kó já kí ilé má jó ni wọ́n ti sọ di aláìṣiṣẹ́ yẹn.

Wáyà ìwọ̀n 1.5 ni wọ́n ń lò fún iná òkè, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ̀rọ amúlétutù sì ní ìlà tirẹ̀. Ilé àtijọ́ púpọ̀ kò ní wáyà tó lọ sínú ilẹ̀, èyí tó ń gba èèyàn là bí iná bá wọ ara fíríìjì. Ẹ ní kí wọ́n rì í. Ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe ni kí ẹ pa iná, kí ẹ pààrọ̀ gílóòbù àti ojú súwíìṣì. Ìyókù, oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni. Ẹ má sì gbàgbé pé iná ìjọba tó lọ lè dé lójijì, àìsí iná kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń fọwọ́ kan wáyà.

Àjà wa jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ yọ ọ́ kí n fi P.O.P. sí i.

Ẹnu wa ti mọ́ pípe gbogbo pátákó àjà eléérú ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì, kì í ṣe gbogbo wọn ló ní i nínú, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ka èyí tó ti pẹ́ sí ojúlówó. Bó bá wà ní odindi tí kò fọ́, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ lè kùn ún kí ẹ fi í sílẹ̀. Ekuru rẹ̀ ló ń pani. Ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn jẹjẹrẹ tó sì ń fà lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú.

Bó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ má fi hámà fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn gé e. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nílé. Ẹ fi omi rin ín dáadáa, ẹ yọ ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rọra gbé pátákó kalẹ̀ ní odindi. Ìbòmú aṣọ tí a lò nígbà kòrónà kò tó, FFP3 ni kí ẹ béèrè. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ẹ má gbá a gbẹ. Ẹ wé pátákó sínú ọ̀rá méjì. Ẹ má dáná sun ún, ẹ má sì lọ̀ ọ́ sínú kọnkéré, bí àwọn kan ṣe ń ṣe.

Ọ̀dà epo àtijọ́ tó wà lára férémù náà ń fẹ́ ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀, torí òjé sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó fi pépà ha á. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Mo fẹ́ sọ ìyàrá kan di ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́. Kànga wà lẹ́yìn ilé.

Páìpù ìdọ̀tí íǹṣì 4 gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 1 ní gbogbo sẹ̀ńtímítà 40. Bó bá tẹ́jú jù, ìgbẹ́ á dúró. Ẹ gbé e gba ọ̀nà tó kúrú jù jáde, ẹ má gbé e gba abẹ́ ìyàrá mẹ́ta. Páìpù irin àtijọ́ tí omi rẹ̀ ń pọ́n láàárọ̀, inú rẹ̀ ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pátá.

Kànga ni ìṣòro. Ìlànà tí àwọn tó ń rí sí omi mímu ń tẹ̀lé ni pé kí ibi tí ìdọ̀tí ń rì sí jìnnà tó mítà 30 sí kànga. Ní àgbàlá àárín ìlú, ẹ kò ní rí mítà 30, kódà ti aládùúgbò lè wà ní mítà 10 sí yín. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí omi kànga jẹ́ ti ìfọṣọ àti ìnulẹ̀, ẹ má mu ún. Apá ibi tí ilẹ̀ dagun sí, kúrò lọ́dọ̀ kànga, ni kí sọ́kàwéè wà.

Wọ́n sin bàbá ńlá wa sínú ìyàrá kan, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń rì. Ṣé mo lè tún un ṣe?

Ìbéèrè yìí ń wá gan-an láti Rẹ́mọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń rì nítorí pé wọn kò gún iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà padà, àti nítorí pé pósí ti jẹrà, ó sì fi àlàfo sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn àgbà ilé. Kì í ṣe nítorí sìmẹ́ǹtì. Ó lè ní ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò fẹ́ kí bíríkìlà àjèjì wọ ibẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà, ojú ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣí, ẹ má gbẹ́ ẹ wọlé. Ẹ da ilẹ̀ pupa tó rin díẹ̀ sí i ní ìpele íǹṣì 6, kí ẹ gún ìpele kọ̀ọ̀kan títí kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kọnkéré tó ní irin nínú, tó ré kọjá etí sàréè ní ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹrù rẹ̀ lè bọ́ sórí ilẹ̀ tó le. Bí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ sí bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sójú rẹ̀. Gbígbé òkú kúrò lọ síbòmíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti ìjọba, kò sí nínú àtúnṣe ilé.

Gbogbo bíríkìlà tí mo pè ló ní kí n wó o, kí n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ṣé wọ́n purọ́ ni?

Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó mọ amọ̀ mọ ti dínkù, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní sọ pé ó dára. Amọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní àléébù. Èrèdó Sùngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, ilẹ̀ pupa kan náà yìí ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì mọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, ẹ lè lọ wo ògiri rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rí.

Ẹ sọ okùn oníirin sílẹ̀ láti orí ògiri. Bí ògiri bá ti fì jáde, tàbí ó wú níkùn, tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ wọnú gan-an yí ilé ká, ẹ gba ìmọ̀ràn ẹnjiníà, ó ṣeé ṣe kí wíwó tọ́. Bó bá jẹ́ ìyàrá ẹ̀yìn kan ló bàjẹ́, ìyàrá ẹ̀yìn kan náà ni kí ẹ tún kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé búlọ́ọ̀kù àti amọ̀ kì í rì bákan náà. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì so wọ́n pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ ni yóò máa là lọ́dọọdún.

Ilé ẹbí ni. Bí mo bá fi owó ara mi tún un ṣe, ṣé ó ti di tèmi?

Rárá. Àṣà sọ bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ti dá a bẹ́ẹ̀ léraléra: ẹni tó tún ilé ẹbí ṣe, tàbí tó fi ìyàrá kún un, ilé ẹbí ló ṣì tún. Yálà ìdí-igi (ìpín kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀) ni wọ́n fi pín in tàbí orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan), òrùlé tuntun kò fi ìyàrá kan kún ìpín yín. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń lọ ní ilé ẹjọ́ Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, láti orí irú owó báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ pe olórí ẹbí àti àgbà kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ra àpò sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ọrẹ ni owó náà, tàbí ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilé tí ayálégbé ń san. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò ilé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Bàbá mi àgbà kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ilé náà rárá, bẹ́ẹ̀ òjò ti wọ ìyàrá tí wọ́n ń sùn.

Ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ohun tí kò ní jẹ́ kí ilé wó, bí páànù tó fò lọ tàbí gọ́tà tó dí, ọmọ ilé èyíkéyìí ló lè ṣe é láti dáàbò bo ilé. Ẹ kàn kọ ọ́ sí àwọn yòókù lórí WhatsApp ẹbí, kí ó má dà bí ẹni pé ẹ ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Wíwó ògiri, táìlì, ìyàrá tuntun, ìyẹn ni kó dúró de ìpàdé.

Ẹ má bá bàbá jiyàn lórí ilé. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó ń kọ̀, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé wọ́n máa kó àwọn kúrò nínú ìyàrá tí àwọn ti ń gbé, wọn kò sì ní dá àwọn padà síbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìyàrá tiwọn, ní orí òrùlé ibẹ̀ nìkan, kí wọ́n sì máa sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.